Wọ́n Ní Fàdá Ní Kó Wí

Ọjọ́ kejì ọjà Òmù-Àrán ni wọ́n fi okùn so Bùkárì lọ́rùn bí ewúrẹ́, tí wọ́n wọ́ ọ gba inú odò Ayìn kọjá lọ sí ilé Baálẹ̀. Odò náà kò ju orúnkún lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ń wọ́ ní ìdojúbolẹ̀, omi orúnkún tó ó mu yó.

Abúlé Ìdí-Àfọ̀n nìyẹn, láàrin Òmù-Àrán àti Rore, nígbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilẹ̀ yìí mọ́ àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìlọrin lọ́wọ́. Ilé ibẹ̀ kò pé ogójì, síbẹ̀ ó ní olórí méjì. Ẹ gbọ́ ìyẹn ná! Ìlà-oòrùn odò jẹ́ ti Baálẹ̀, àgbàlagbà tó ń wọ agbádá sányán nínú oòrùn ọ̀sán, tí kì í jókòó bí wọn kò bá tíì tẹ́ awọ àgbò fún un. Ìwọ̀-oòrùn jẹ́ ti ìjọ Fàdá: ilé ìsìn alámọ̀ kan, ilé Fàdá, àti ilé mẹ́rìnlá tó ti wà níbẹ̀ kí Fàdá kankan tó dé. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ló pín in bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ń gbé orí ilẹ̀ ìjọ, Fàdá ni yóò máa dá ẹjọ́ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ bá Baálẹ̀ yẹ ọ̀nà. Odò ni ààlà. Níbi tí odò ti yà, wọ́n gbin pèrègún láti ibẹ̀ dé ìdí àpáta.

Bùkárì kì í ṣe ọmọ ìjọ. Mùsùlùmí ni, oko bàbá rẹ̀ ló kàn bọ́ sínú ilẹ̀ Fàdá. Kò bẹ ẹnikẹ́ni kó pín in síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta tí kò fi gbé ọkọ́ lọ sójú ọ̀nà Baálẹ̀, àwọn ará òdìkejì ń wò ó bí ẹni tó ń bá wọn jẹun tí kì í bá wọn ro oko.

Lọ́jọ́ ọjà tí gbogbo abúlé ṣófo, ẹnì kan hu pèrègún ààlà, ó sì tún wọn gbìn sínú ilẹ̀ Baálẹ̀. Igi ọ̀pẹ mẹ́sàn-án bọ́ sọ́dọ̀ Fàdá. Ta ni kò lọ sọ́jà? Bùkárì. Jàrátù ìyàwó rẹ̀ ló gbé ẹ̀gúsí lọ. Òun dúró, ó ń bá Fàdá fi koríko bo ilé.

Jàrátù tẹ̀ lé wọn dé iwájú Baálẹ̀, ó kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, Baba. Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ọkọ mi kò jalẹ̀."

"Ta ló bi obìnrin?"

Bùkárì tu iyanrìn odò jáde lẹ́nu. "Wàláhì, Baba, ilé Fàdá ni mo wà látàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Orí òrùlé ni mo wà!"

Baálẹ̀ yíjú sí Jímọ́ọ̀, olórí àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀, ọkùnrin gíga kan tó fi ọ̀já awọ gba dàńṣíkí kíjìpá rẹ̀ nínú. "Ẹ mú un lọ bá òyìnbó rẹ̀. Bí òyìnbó bá jẹ́rìí sí i, ẹ tú u sílẹ̀. Bí kò bá jẹ́rìí, ẹ má mú un padà wá bá mi."

Wọ́n tún wọ́ ọ kọjá odò.

Oṣù méjì péré ni Fàdá yìí dé láti ilẹ̀ Faransé. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó gbọ́ Yorùbá, ibà ti pa á. Tuntun yìí kò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ, ọ̀sán gangan ló sì máa ń fi í kí èèyàn. Katikísì rẹ̀, ará Àjàṣẹ́ tó wà lábẹ́ Faransé, tó ń túmọ̀ fún un, wà ní Òmù-Àrán lọ́jọ́ náà, ó lọ gba lẹ́tà. Fàdá sáré jáde nínú aṣọ funfun rẹ̀ gígùn, irùngbọ̀n rẹ̀ pupa dé àyà. Nígbà tó rí ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn Bùkárì, ó figbe ta.

Jímọ́ọ̀ nawọ́ sí Bùkárì, ó nawọ́ sí òrùlé, ó fi ọwọ́ fa oòrùn láti àárọ̀ dé alẹ́. "Fàdá! Ṣé ọ̀dọ̀ yín ló wà lánàá?"

Ó yé Fàdá. Ojú rẹ̀ pọ́n fún ìbínú, ó na ìka sí Bùkárì, ó ní: "Wí! Wí! Wí!"

Àwọn èèyàn wo ara wọn.

"Ẹ ò gbọ́? Fàdá ní kó wí!"

"Kó wí kí ni?"

"Kó jẹ́wọ́ ni! Òyìnbó ti mọ̀ ọ́n."

Jímọ́ọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bùkárì, ọ̀gá rẹ ní kó o wí. Ó yá, wí."

"Kí ni kí n wí? Mo ti wí o!"

Kùmọ̀ bà á lẹ́nu. Eyín mẹ́ta wọlẹ̀.

Oṣù méjì ni Jàrátù ti ń fọ aṣọ Fàdá. Bó bá bi í pé ṣé kí òun sá a, "wí" ló máa dáhùn. Bó bá ní ṣé kí òun ká a, "wí" náà ni. Ó já wọ àárín wọn. "Bẹ́ẹ̀ ni ló ń jẹ́! 'Wí' rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ni! Ó ní ọ̀dọ̀ òun ni ọkọ mi wà!"

"Afọṣọ ti di ògbufọ̀!"

"Inú ìhó ọṣẹ ló ti kọ́ Faransé!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn wà nílẹ̀, àgbààgbà ọkùnrin dúró, wọ́n ń fi obìnrin tó mọ òótọ́ rẹ́rìn-ín.

Jàrátù di Fàdá lẹ́sẹ̀ mú. "Fàdá, ẹ tún un sọ! Ọ̀dọ̀ yín ló wà, àbí?"

Omijé bọ́ lójú Fàdá. "Wí! Wí!" Gbogbo ìgbà tó bá jẹ́rìí fún Bùkárì, kùmọ̀ kan ni. Ó fi ara bo Bùkárì. Wọ́n gbá a dànù, orí rẹ̀ fọ́ mọ́ òkúta ẹnu ọ̀nà, aṣọ funfun rẹ̀ pọ́n. Nígbà tí egungun apá Bùkárì yọ síta, òun náà wí. "Èmi ni. Mo hu ú. Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni."

"Ṣé ẹ rí i? Fàdá kúkú mọ̀," ni Jímọ́ọ̀ sọ, ó sì fi àdá parí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó dé pẹ̀lú ogún sójà. Jàrátù ka orúkọ ọkùnrin méje fún un, ó fi ilé kọ̀ọ̀kan hàn án. Ajẹ́lẹ̀ tú ìwé. Katikísì túmọ̀ rẹ̀: àwọn tí ìjọba rán wá wọn ilẹ̀ ló hu pèrègún lọ́jọ́ ọjà, kí wọ́n lè na ṣéènì tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀, bí ojú wọ́n ṣe rí i ni wọ́n tún un gbìn. Ajẹ́lẹ̀ sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀.

Wọ́n na àwọn méjèèje ní ẹgba mẹ́rìnlélógún. Wọ́n yọ Baálẹ̀ lóyè, wọ́n ní kí Fàdá máa lọ. Ajẹ́lẹ̀ ní olórí méjì ló fa ìjà, nítorí náà abúlé náà kò sí mọ́. Sójà tiná bọ gbogbo òrùlé. Iná tó jó ilé apànìyàn náà ló jó ilé opó.

"Kí ni ilé tèmi ṣe?"

Katikísì kò lè wò ó lójú. "Arábìnrin, ó ní ìlú lòun ń jó, òun ò jó ilé ẹnì kankan."

Wọ́n kó àwọn ará abúlé lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà nítòsí Rore. Ajẹ́lẹ̀ fi okùn fa ilẹ̀ tààrà, ó pín ilé bí àwọn èèyàn ṣe tò, kò bi wọ́n léèrè ta ni yóò bá ta gbé. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin Jàrátù àti Jímọ́ọ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ń gbọ́ ìkọ́ rẹ̀, ìrun rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin náà kò tọrọ àforíjì rí. "Aládùúgbò" ló ń pè é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí gbogbo ilé wà lóko, ó gbọ́ tí nǹkan wó lulẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan tó ń fà: "Aládùúgbò. Omi. Jàrátù, ẹ gbà mí."

Jàrátù gbọ́ ọ. Ìkòkò omi wà lọ́tùn-ún rẹ̀, ó kún. Ó fa ìjókòó rẹ̀ mọ́ ògiri kó lè máa gbọ́ dáadáa, ó gbé ìrànwú rẹ̀, ó sì ń ran òwú lọ títí ohùn náà fi dákẹ́.