Ta Ló Lọ Mú Bàbá Reuben?

Lẹ́nu Jọmílójú ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tèmi. Òun àti Shiloh, ọmọ kíláàsì wa kan, dúró níwájú gbọ̀ngàn ilé ìwé wa ní Peckham, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí tíṣà jọ́gíráfì wa, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa.

"Mísì, agogo ìkìlọ̀ nìkan ò tó," ló wí. "Bí òkè ayọnáyèéfín bá fẹ́ bú, àgbàlagbà tí etí wọn ò gbọ́ dáadáa ńkọ́? Nínú ètò tiwa, olúkúlùkù ló ní aládùúgbò kan tó gbọ́dọ̀ mú jáde."

Yéè! Èmi Hameedah ni mo ro ìyẹn o! Ọjọ́ tí fáyà àlámù dún ní fúláàtì wa, tí Bàbá Reuben tó ń gbé lókè wa ò gbọ́ rárá, ni mo rò ó. Jọmílójú ni mo kọ́kọ́ sọ fún, torí òun ni ọ̀rẹ́ mi, ẹgbẹ́ kan náà la sì wà. Àfi bó ṣe ní òun ń lọ sẹ́gbẹ́ Shiloh. N ò mọ̀ pé ó ti gbé ètò mi dání. Ẹgbẹ́ tí ètò rẹ̀ láti gba abúlé ẹ̀bá òkè ayọnáyèéfín là bá sì borí ni tíṣà máa mú lọ sí Sísílì ní Ítálì, lọ wo òkè ayọnáyèéfín gidi. Ojoojúmọ́ ni mò ń lá àlá ìrìn àjò yẹn.

"Jọmi, ètò mi nìyẹn," mo sọ fún un nígbà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Háà, Hameedah, fara balẹ̀ jàre. Prójẹ́ẹ̀tì lásán ni."

Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé.

Tíṣà ní ká dán ètò wọn wò. Wọ́n ti pe àwọn àgbàlagbà àdúgbò wá ṣe bí ará abúlé, Bàbá Reuben náà wà níbẹ̀. Bí agogo bá dún, kí gbogbo wọn jáde kí agogo kejì tó dún, torí ìgbà yẹn ni eérú gbígbóná máa bo abúlé. Bí ẹnì kan bá ṣẹ́ kù, ètò ti kùnà nìyẹn. Jọmílójú ni wọ́n ní kó mú Bàbá Reuben.

Agogo dún. Kálukú di àgbàlagbà tiẹ̀ mú. Shiloh pe Jọmílójú pé kó wá kí àwọn jọ ya fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà, ló bá sáré jáde. Bàbá jókòó, wọ́n ń wò yíká.

Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Bí Bàbá bá ṣẹ́ kù síbẹ̀, Jọmílójú ò ní rí Sísílì. Ṣùgbọ́n Bàbá ti ń gbìyànjú láti dá dìde, ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n. Kí ni Bàbá ṣe mí? Mo sáré lọ di ọwọ́ wọn mú.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ. Agogo ti dún."

A jáde tán kí agogo kejì tó dún. Tíṣà kà wá, wọ́n ní, "Gbogbo wọn pé!" Jọmílójú fò mọ́ Shiloh lọ́rùn. Omi bọ́ lójú mi. Ó jí ètò mi, èmi náà ni mo tún bá a ṣe é yọrí.

Ni Bàbá Reuben bá na ọ̀pá wọn sókè. "Tíṣà, ẹ má kà mí mọ́ wọn. Ọmọ tí ẹ ní kó mú mi ń ya fọ́tò níta. Ká ní òkè gidi ni, òkú mi lẹ ò bá máa wá."

"Jọmílójú, ṣé òótọ́ ni?"

Ó wolẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé òótọ́ ni. Ètò wọn kùnà. Ètò mìíràn tí èmi wá fi ìkánjú ṣe ò dára tó, ẹgbẹ́ Dáúdà, ọmọ kíláàsì wa mìíràn, ló lọ sí Sísílì.

Níbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, Jọmílójú wá bá mi. "Hameedah, jọ̀ọ́, má bínú."

"Mo ti gbọ́," ni mo fèsì. "Ṣùgbọ́n n ò lè fọkàn tán ẹ mọ́."

Ó dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, torí òun nìkan ni mo máa ń sọ gbogbo nǹkan fún. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ìlú tó wà lẹ́sẹ̀ òkè iná lè ní agogo, ìbòmú àti ọ̀nà àsálà. Èèyàn ló ṣì máa gba èèyàn là. Bí ẹ bá ja ẹni tó fọkàn tán yín kulẹ̀ lórí nǹkan kékeré, kò sí ẹni tó máa fi ẹ̀mí rẹ̀ lé yín lọ́wọ́.