Níbo Lo Sin Mí Sí?

Mo rán ẹ̀wù kan fún ẹni tí kò sí nílé, òógùn sì wà lábíyá rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo gbé e kọ́ sára ìlẹ̀kùn gbọ̀ngàn eré nírọ̀lẹ́. Aṣọ tuntun ni, òórùn ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀. Nígbà tí mo padà débẹ̀ láàárọ̀, abíyá rẹ̀ méjèèjì ti rin, erùpẹ̀ pupa sì ti lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ nísàlẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni gbọ̀ngàn náà ní, abẹ́ ìrọ̀rí mi ló sì sùn mọ́jú.

N kò pariwo. Mo gbọn erùpẹ̀ náà dànù, mo sì sọ fún ẹ̀wù náà pé kí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ máa wọ̀ ọ́ lọ, torí òun náà ni mo rán an fún.

Samira ni orúkọ tí wọ́n ń pè mí níléèwé. Àtọ́kẹ́ ni ìyá mi ń pè mí. Àdúgbò Koko ní Bouaké ni wọ́n bí mi sí, lẹ́yìn tí wọ́n lé àwọn òbí mi kúrò ní Ghana, tí wọ́n sì wá tún ayé wọn bẹ̀rẹ̀ níbí. Orin ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní liisé, ilé ẹ̀kọ́ girama, kí ogun tó ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀ lọ́dún kejì tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba ìlú, nígbà tí ẹni tó bá ní ìbọn ló ni òfin.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, Yésúfù, mẹkáníìkì ni. Ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ débi pé bó bá pe ìrun ní mọ́sálásí wa, àwọn tí kì í kírun pàápàá á jí. Ó ń tún ọkọ̀ ẹrù oníbàárà kan ṣe nígbà tí Kọ́mándàǹ, olórí àwọn ológun tó ń ṣọ́ àdúgbò wa, ránṣẹ́ pé kí ó gbé ọkọ̀ náà wá fún òun. Yésúfù ní ọkọ̀ náà ní ẹni tó ni ín. Láti ọjọ́ náà ni a kò ti fojú kàn án mọ́.

Hàmídù, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Bodokro, ló wá bá mi lẹ́yìn ilé. Ó ń wo ẹ̀yìn bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní òun rí wọn tí wọ́n ń mú Yésúfù lọ sí apá ilé iṣẹ́ òwú àtijọ́, òun sì gbọ́ ìró ìbọn. Ilẹ̀ ibẹ̀ tóbi, àwọn ológun ń ṣọ́ ọ, kò sì mọ ibi tí wọ́n wọ̀.

Mo lọ bá Kọ́mándàǹ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Igi ìtayín wà lẹ́nu rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n rẹ ti sá lọ sí Abidjan,” ló wí. “Ẹ̀yin Anago, ẹ kì í jókòó síbì kan.” Anago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. Ó rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì bá a rẹ́rìn-ín. Ìbínú kò jẹ́ kí n rí ọ̀nà tí mo gbà dé ilé.

Ìyá mi, Hàbíbátù, kò sunkún. Nígbà tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Bouaké bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí i, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé “ẹ kú ọ̀fọ̀” nínú ilé rẹ̀.

“Ẹni tí mi ò rí òkú ẹ̀, mi ò níí ṣe fìdáù fún un,” ló wí. “Ẹ̀yin ẹ bá mi jókòó. Ẹ má kí mi kú nǹkan kan.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Kò sí àdúrà ọjọ́ kẹjọ, kò sí sààráà, kò sì sí ọmọ Anago kan tó fi ẹnu ara rẹ̀ pe Yésúfù ní òkú. Yésúfù wà láàárín ayé àti ọ̀run bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ níbùdókọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ eré náà ti wọlé nìyí. Alùfáà ará Ítálì kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Mọ̀npẹ́, ìyẹn “bàbá mi” ní Faransé. Òun ló kọ́ èmi àti Yésúfù lórin nígbà tí a wà léwe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ mùsùlùmí ni wá. Ó ní eré kan tí wọ́n ń fi orin ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní ọ̀pẹ́rà. Ìran kan péré ni, ènìyàn mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀rín sì ni wọ́n kọ ọ́ fún. “Opó Ọ̀sán Kan” ni à ń pè é. Oníṣòwò kan fura sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì dọ́gbọ́n kí ìròyìn tàn pé òun ti bómi lọ. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ọ̀rẹ́ náà ti dé láti wá fẹ́ opó. Kí obìnrin náà lè gbà kíákíá, ó búra pé òun ti fi ọwọ́ òun sin ọkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ ti ṣílẹ̀kùn wọlé, tó sì kọrin bi í léèrè lẹ́ẹ̀mẹta pé, “Níbo lo sin mí sí?” Irọ́ á já, ọ̀rẹ́ á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, àwọn òǹwòran á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín ya ẹnu.

Ṣùgbọ́n eré náà ní ìtàn. Mọ̀npẹ́ sọ fún wa pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é nílùú wọn, àwọn ènìyàn hó lé e lórí, ẹni tó kọ ọ́ sì lọ gbé e pamọ́. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wọ́n ṣe é ní ìlú kan tó wà létí òkun. Ọkọ̀ ojú omi rì láàárọ̀ pẹ̀lú akọrin tó ń ṣe ọkọ, ẹnikẹ́ni nínú ilé eré kò sì gbọ́. Nígbà tí àsìkò tó, ó wọlé, ó kọrin, omi ń kán tó-tó lára rẹ̀, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́ torí wọ́n rò pé ara eré ni. Apẹja kan ló dìde tó ní òkú ọkùnrin yìí ń bẹ ní èbúté. Akọrin náà pòórá lójú gbogbo wọn. Láti ìgbà náà, kò sí ará Ítálì tó fẹ́ fọwọ́ kan eré náà mọ́.

“Eré yìí kì í bèèrè bóyá akọrin rẹ̀ wà láàyè,” ni Mọ̀npẹ́ wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó tú u sí Faransé, ó sì kó wa ṣe é. Yésúfù ló ṣe ọkọ. Nígbà tí ogun dé, Mọ̀npẹ́ padà sílùú rẹ̀, ó sì fi ìwé orin náà sílẹ̀ fún mi.

Kò pẹ́ sígbà tí Yésúfù sọnù ni Kọ́mándàǹ ránṣẹ́ pè mí. Àwọn àlejò oníròyìn ń bọ̀ láti òkèèrè pẹ̀lú kámẹ́rà wọn, ó sì fẹ́ kí wọ́n rí i pé ará Bouaké ń rẹ́rìn-ín.

“Ṣe eré apanilẹ́rìn-ín kan fún wọn,” ló wí.

“Mo ní ọ̀kan,” ni mo dá a lóhùn.

Prince, ọ̀rẹ́ Yésúfù, ló gbà láti ṣe ọ̀rẹ́ èké nínú eré náà. Larissa, tá a jọ ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, ló ń tẹ dùùrù. Èmi ni opó. Prince bi mí pé ta ni yóò ṣe ọkọ.

“Kò sẹ́ni,” ni mo wí. “Bó bá kan ọkọ, ìlẹ̀kùn ò ní ṣí. Èmi ni màá kọjú sí Kọ́mándàǹ, màá sì bi í ní ìbéèrè náà lójú kámẹ́rà.”

“Samira, wọ́n máa pa ẹ́.”

“Kí wọ́n wá pa mí lójú àlejò, ká jọ rí ibi tí wọn ó sin mí sí.”

Ẹ má rò pé ẹ̀rù ò bà mí. Ẹ̀rù bà mí gan-an ni. Ṣùgbọ́n ìbínú mi ga ju ẹ̀rù mi lọ. Mo rán ẹ̀wù ọkọ, mo fi rìbọ́nì pupa sí àyà rẹ̀ bí Mọ̀npẹ́ ṣe máa ń ṣe é, mo sì gbé e kọ́ síbẹ̀. Nígbà tí òógùn jáde lára rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ eré, mo mú ìyá mi lọ wò ó. Ó gbé abíyá ẹ̀wù náà sí imú, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

“Òórùn ọmọ mi nìyí,” ló wí jẹ́jẹ́. “Àtọ́kẹ́, bó bá wá, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má pè é lókùú o.”

Kò nílò kó ṣàlàyé. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé ojú ẹni tó bá pe àkúdàáyà ní òkú ló ti máa pòórá?

Ọ̀sán gangan la ṣe é, nítorí òfin kónílé-ó-gbélé. Ọyẹ́ ń fẹ́, oòrùn sì ń gba ojú fèrèsé gbọ̀ngàn náà wọlé. Kọ́mándàǹ jókòó níwájú láàárín àwọn àlejò. Ìyá mi wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín sí Prince, nítorí ó mọ èké í ṣe. Nígbà tó búra fún mi pé òun ti sin ọkọ mi, tí òun tilẹ̀ da òdòdó sórí rẹ̀, àwọn oníròyìn pàápàá fọwọ́ lu itan.

Larissa tẹ ohùn tó ń pe ọkọ wọlé. Mo kọjú sí Kọ́mándàǹ, mo la ẹnu. Kí n tó sọ̀rọ̀, ìlẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn mi.

Òórùn erùpẹ̀ tútù ló kọ́kọ́ dé, bíi ti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, nínú ọyẹ́ tí kò sí ìkán omi kan. Yésúfù wọlé. Ẹ̀wù tí mo rán wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì bá a mu rẹ́gí. Prince fẹ́ kígbe. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú ìjókòó, ìyá mi gbé ìka lé ètè, gbogbo ọmọ Anago tó wà nínú gbọ̀ngàn náà sì pa ẹnu wọn mọ́ pátá.

“Níbo lo sin mí sí?”

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Ohùn rẹ̀ ni, ohùn tó ń jí Koko láàárọ̀. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì sí Prince, gẹ́gẹ́ bí eré ṣe wí. Lẹ́yìn náà ló fi Prince sílẹ̀, tó rìn wá sí etí pèpéle, tó sì tẹjú mọ́ Kọ́mándàǹ.

“Níbo lo sin mí sí?”

Àga Kọ́mándàǹ ṣubú. Ó ti dìde, ó ń nàka, itọ́ ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

“O ti kú! Èmi ni mo ní kí wọ́n sin ọ́! Lẹ́yìn ilé iṣẹ́ òwú, lábẹ́ igi máńgòrò tí ààrá là! Mo dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi bò ọ́!”

Kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Yésúfù kò wò ó mọ́. Ó yíjú sí ìyá wa, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún un gbalaja lórí pèpéle. Nígbà tí àyà rẹ̀ kan pákó, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́, kò sì sí ẹ̀wù.

“Ẹ dá eré yìí dúró! Ẹ lé wọn jáde!” ni Kọ́mándàǹ ń ké. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gbé ìbọn. Mo ní kí Larissa máa tẹ dùùrù lọ. Orin tó kù kò ju ti opó lọ, orin ayọ̀ ni, mo sì kọ ọ́ dé òpin pẹ̀lú omi lójú, mò ń wo ẹnu ìbọn náà. Kò sí òǹwòran kan tó dìde. Nígbà tí mo parí, ìyá mi ló dìde.

“Àtọ́kẹ́, sọ̀ kalẹ̀,” ló wí. “Wọ́n ti sọ ibi tó wà.”

Ó jáde, a tẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin Koko mú ọkọ́ wá, àwọn oníròyìn gbé kámẹ́rà wọn tẹ̀ lé wa, àwọn ológun kò sì mọ ẹni tí wọn ó kọ́kọ́ yìn níbọn. Abẹ́ máńgòrò náà la ti bá a. Ẹ̀wù tí mo rán ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló wà lọ́rùn ẹni tó ti wà nínú ilẹ̀ kí n tó ra aṣọ rẹ̀, rìbọ́nì pupa sì wà láyà rẹ̀. A wa ilẹ̀ díẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a sì rí i pé òun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn ológun tó rántí ìbọn wọn, tí wọ́n lé wa kúrò, ṣùgbọ́n a ti gbé tiwa.

Ní ọjọ́ fìdáù, ìyá mi gbà kí wọ́n kí òun kú ọ̀fọ̀. Ó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ,” ló ń wí, ó sì wá sunkún wàyí.

Wọ́n gbé Kọ́mándàǹ kúrò ní Bouaké. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ fi òfin de eré náà. Nígbà tí ọdún yípo, a tún ṣe é láìka òfin náà sí. Mo rán ẹ̀wù mìíràn, nítorí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n mo rò pé ìlẹ̀kùn kò ní ṣí, torí Yésúfù ti sùn. Àwọn ológun tuntun dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbọn wọn. Larissa tẹ ohùn tó ń pe ọkọ.

Ìlẹ̀kùn ṣí. Òórùn erùpẹ̀ tútù wọlé. Ohùn tó kọrin kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi; ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí n kò gbọ́ rí.

Obìnrin kan dìde lẹ́yìn pátápátá. N kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní àdúgbò Kennedy ló ń gbé, wọ́n sì ní ó ti pẹ́ tó ti ń wá ọmọ rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sórí àwọn tó yí i ká.

“Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé ó ti kú,” ló wí. “Ẹ jẹ́ kó bèèrè tán.”

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí àwọn ológun tó wà lẹ́nu ọ̀nà, a sì dúró kí wọ́n dáhùn.