Lẹ́tà Tí Doyinsọ́lá Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Tẹ̀

Ọdún kejì tí Èkìtì di ìpínlẹ̀ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Doyinsọ́lá dẹnu kọlẹ̀ níléeṣẹ́ pákó kan ní Ìkẹ́rẹ́. Gbénró ni wọ́n pè kó wá tún un ṣe. Ó tún un ṣe lọ́jọ́ náà, ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

"Kí ló tún bàjẹ́?" Doyinsọ́lá bi í.

"Ọkàn mi ni."

Doyinsọ́lá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ìfẹ́ bá wọlé.

Kí ọdún tó yí po, Doyinsọ́lá ti lóyún, wọn ò sì tíì ṣe ìdána. Ìyá Gbénró ní, "Ẹ jẹ́ kó bí i ná." Ìyá Doyinsọ́lá ò gbà. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò níí bímọ sí ulé mi láìlọ́kọ!" Ẹsẹ̀ Doyinsọ́lá ń wú, ó sì ń tẹ̀wé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tó ku oṣù kan, ó tọrọ ìsinmi ìbímọ. Ọ̀gá rẹ̀, Ajíbóyè, fọwọ́ kọ èsì, ó sì gbé e fún un pé kó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fún un ní oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò níí gbowó oṣù, torí kò ní ìwé ìgbéyàwó.

"Ọ̀gá, ṣé oyún ẹni tó wà nílé ọkọ wúwo ju tèmi lọ ni?"

"Òfin iléeṣẹ́ ni. Tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kankan tẹ̀.

Inú bí Gbénró nígbà tó kà á. "Olólùfẹ́ mi, ká lọ sí kóòtù ní Adó lọ́la, ká gba ìwé. Wọ́n á sanwó ẹ."

"Ṣé èmi lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí owó oṣù mẹ́ta?"

Gbénró ká lẹ́tà náà, ó dá a padà fún un.

"Ó ti rẹ̀ mí, Gbénró. Mi ò fẹ́ di ìyàwó nítorí Ajíbóyè."

Ilé ìyá rẹ̀ náà ni Doyinsọ́lá padà bí ọmọ obìnrin sí, wọ́n pè é ní Iyìolúwa. Àràárọ̀ ni Gbénró ń wá fọ nápì ọmọ kó tó lọ síbi iṣẹ́, àwọn aládùúgbò sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò mẹ́nu ba ìwé ìgbéyàwó mọ́. Lọ́jọ́ kan, ìyá Doyinsọ́lá, tí kì í kí i tẹ́lẹ̀, gbé iyán síwájú rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta pé, Doyinsọ́lá padà sẹ́nu iṣẹ́. Omi ọmú rin búláòsì rẹ̀ gbingbin kílẹ̀ tó ṣú. Nígbà tó jáde, Gbénró ló rí lẹ́nu géètì, tó pọn ọmọ.

"Ìsinmi ti parí," Gbénró wí. "Kò sówó kankan níbẹ̀ fún wa mọ́. Doyin mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ẹkún àti ẹ̀rín dìjọ gbé e. "Màá fẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n sọ ọmọ kalẹ̀ ná, kí n fún un lọ́mú."

Lóṣù tó tẹ̀lé e, wọ́n wọ takisí lọ sí kóòtù ní Adó. Ìyá méjèèjì jókòó síwájú, wọ́n ń fi Iyìolúwa du ara wọn. Doyinsọ́lá gbórí lé èjìká Gbénró, ó sì sùn títí wọ́n fi débẹ̀.