Lẹ́tà Tó Yẹ Kó Lọ sí Ítálì

Ibi tí a ti ń máàkì ìwé ìdánwò ní Ẹfọ̀n-Aláayè ni mo ti bá Caleb, tíṣà Físíìsì, pàdé. Dípò kó máa máàkì, ọkọ̀ òfuurufú tí ìdí rẹ̀ dà bíi ti ọkọ̀ ojú omi ló ń yà sẹ́yìn ìwé.

"Orí omi lèyí máa ń bà sí," ó ní. "Àwọn ará Ítálì ló yà á láyé àtijọ́, àmọ́ wọn ò kàn án."

"Kí lo wá ń wá nídìí ohun tí wọn ò kàn?"

"Ìdí tí wọn ò fi kàn án ni."

Ó yẹ kí n ti sá nígbà yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, mo bá kó sọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta gbáko, Ítálì ni mo ń gbọ́. Tí mo bá ní ebi ń pa mí, á ní ẹ́ńjìnnì mẹ́fà ni wọ́n fẹ́ fi sí òmíràn. Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì sí Ìjerò, kìlọ̀ fún mi: "Ọma mi ò ní fẹ́ ẹni tó ń lé ọkọ̀ tí kò sí. Tó bá tún fi Ítálì dá mi lóhùn lọ́jọ́ tó bá wá mọ̀ wá, kó máa lọ ulé rẹ̀."

Ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ pé. Àwọn ẹbí Caleb dọ̀bálẹ̀, wọ́n gbé lẹ́tà ìtọrọ kalẹ̀. Àbúrò mi, Abigail, já a, ó ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fún àwọn àgbà.

"'Sí olùtọ́jú ìwé àtijọ́, Ítálì. Ẹ jọ̀ọ́, mo tún ń tọrọ àwòrán ọkọ̀ náà...'"

Caleb di orí mú. Ó ti ṣi lẹ́tà méjèèjì fi sínú àpòòwé ara wọn. Èyí tó fi tọrọ mi ti wà lọ́nà Ítálì láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi.

Abigail fẹ́ ká lẹ́tà náà padà. Bàbá ní, "Kà á tán."

"'Ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án tí mo kọ̀wé rèé. Tí ẹ ò bá fèsì, mi ò ní kọ mọ́. Mo fẹ́ gbéyàwó, Ayọ̀bọ́lá sì ti fara dà á tó. Tí mo bá ní láti yan ọ̀kan, òun ni.'"

Bàbá yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ṣé ó sọ èyí fún ẹ, Bọ́lá?"

"Kò sọ ọ́, sà." Àánú Caleb ṣe mí, bẹ́ẹ̀ inú ṣì ń bí mi.

"Ó dáa. Èmi ti gbà. Ó kù sí ẹ lọ́wọ́."

Mo gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ Abigail, mo nà án sí Caleb.

"Yọ ìlà tó kẹ́yìn kúrò," mo ní, "mi ò ní kí o yan ọ̀kan. Fi ránṣẹ́. Àmọ́ àdírẹ́sì rẹ̀, èmi ni màá kọ ọ́."