Ẹni Tó Ń Fi Orúkọ Òkú Ṣiṣẹ́

Agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni òkú wọlé sẹ́nu iṣẹ́. Naa Korkor Armah rí i lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn àmì ewu tó ń ṣọ́ ṣàdédé pupa: àmì tó ń ka iye ìgbà tí orúkọ ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ bá ṣí ìwé ilẹ̀. Orúkọ tó wà níbẹ̀ ni Ebo Quansah. Ebo sì ti wà ní mọ́ṣúárì ní ìlú rẹ̀, Oguaa, láti oṣù mẹ́ta.

Ìwé ilẹ̀ àwọn ará Accra ni ilé iṣẹ́ wọn ń tọ́jú. Naa Korkor wo ohun tí òkú fọwọ́ kàn. Ilé Maa Adjeley ni, opó tó ń yan ẹja ní Teshie. Ẹnì kan ti ń yí i sí orúkọ àjèjì, ó ku ìbuwọ́lù kan ṣoṣo. Bí ìyẹn bá wọlé, katakata lè wó ilé náà mọ́ ìyá arúgbó lórí. Ó dá ìwé náà dúró kíákíá, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta péré ni òfin gbà á láyè. Ó kọ̀wé sí olùdarí, Ìyáàfin Lamptey. Lẹ́yìn náà ló lọ bá Fiifi Arkoh, igbákejì olùdarí, ọ̀rẹ́ olóògbé, alága ìgbìmọ̀ ìsìnkú.

"Bra Fiifi," ó pè é bí ẹ̀gbọ́n, "ta ló ń lo orúkọ Ebo?"

Fiifi kò dáwọ́ dúró lórí kẹ́ńkẹ́ àgbàdo tó ń jẹ. "Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe wèrè. Dá ààlà àmì yẹn padà sí ìgbà mẹ́wàá kó tó pupa, á dákẹ́."

"Òkú tó wọlé lẹ́ẹ̀kan ti tó, sà. Ẹ jẹ́ ká pa orúkọ náà rẹ́."

"Ẹni tí a kò tíì sin? Ṣé ìwọ lo máa dá ẹbí Quansah lóhùn?"

Naa Korkor jáde. Lóòótọ́, wọn kì í pa orúkọ òṣìṣẹ́ tó kú rẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó sin ín. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n kà á sí. Kò sẹ́ni tó rí i pé ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ọjọ́ Ajé tó ti ìsinmi dé ló rí i pé ẹnì kan ti gbé ààlà náà kúrò ní oókan lọ sí mẹ́wàá. Ó dá a padà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló sọ fún Fiifi pé mẹ́wàá ni?

Lọ́jọ́ kejì, àmì tún pupa. Kọ̀ǹpútà àjà kẹta ni. Naa Korkor sáré gun àtẹ̀gùn. Àga ṣófo, ṣùgbọ́n ó ṣì ń yí bìrìpé. Bó ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó pàdé Fiifi, aṣọ ọ̀fọ̀ ní abíyá rẹ̀.

"Kí lò ń lé, Naa? Ṣé Ebo ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

Naa Korkor tẹ opó Ebo láago ní Oguaa. "Àǹtí Efua, ìgbà wo lẹ máa sin wọ́n?"

"Bi Fiifi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti sún un síwájú. Ó ní aṣọ ilé iṣẹ́ kò tíì pé. Ọmọ mi, ó ti rẹ̀ mí. Mo fẹ́ sin ọkọ mi."

Naa Korkor ṣí àkọsílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ìsìnkú bá yẹ̀, ìwé ilẹ̀ kan á pa orúkọ dà láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Mẹ́ta ti lọ. Ó dorí kodò, ó bẹ Olúwa kó má jẹ́ kóun purọ́ mọ́ àgbàlagbà, lẹ́yìn náà ó gbé àkọsílẹ̀ náà lọ bá Ìyáàfin Lamptey.

Níbi àdúrà òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ìyáàfin Lamptey dìde. "Ẹbí Quansah ti gbà láti sin ín ní Sátidé. Agogo márùn-ún òní la máa pa orúkọ rẹ̀ rẹ́."

Gbogbo wọn ṣe àmín. Ti Fiifi pẹ́ kó tó jáde.

Agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àmì pupa. Kọ̀ǹpútà yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ ọ̀fọ̀ sí ni. Naa Korkor àti ọlọ́pàá tó ti ń dúró, Sájẹ́ǹtì Selorm Agbeko, ti ilẹ̀kùn wọlé.

"Ẹ gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀," Sájẹ́ǹtì wí.

"Aṣọ ni mò ń kà," Fiifi dáhùn.

"Orúkọ ta ló wà lójú kọ̀ǹpútà yẹn?"

Fiifi fa aṣọ kan bo ojú kọ̀ǹpútà náà.

"Mo ní orúkọ ta?"

"Ebo."

"Ta ló fún yín ní ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀?"

"Òun náà ni. Lórí ibùsùn àìsàn. Ó ní kí n bá òun parí iṣẹ́ àwọn oníbàárà tó kù." Ó wá yíjú sí Naa Korkor. "Èmi ni mo gbà ẹ́ síṣẹ́. Wàá kábàámọ̀."

"Ẹ ṣeun, Bra Fiifi. Iṣẹ́ tí ẹ gbà mí sí náà ni mò ń ṣe."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Fiifi ti dárúkọ àwọn tó ta ilẹ̀ mẹ́ta yòókù fún. Wọ́n dá ìwé wọn padà sí orúkọ àwọn onílẹ̀. Àwọn ará Oguaa bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ sàréè.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Naa Korkor gbé ìwé lọ sí Teshie. Maa Adjeley nu èéfín ojú, ó mú ọwọ́ tó kún fún òróró ẹja jìnnà sí ìwé náà.

"Kà á fún mi."

Ó kà á: Adjeley Sowah, onílé.

"Tún un kà."

Ó tún un kà. Nígbà tó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá náà ń bá a pe orúkọ náà pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kọ orin, ó sì fa àpótí ìjókòó kan sún mọ́ ọn.