Afárá Tí Jọkẹ́ Kò Dé

Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé ka àròkọ Jọkẹ́ sókè fún gbogbo kíláàsì láìdánu dúró. Kì í ṣe olùkọ́ tó máa ń yin akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó kà á tán, ó gbé ìwé náà sórí tábìlì, ó sì sọ pé bí kò bá sí ẹni tó ní àtakò, Jọkẹ́ ni yóò ṣojú ilé ìwé wọn ní ìdíje lámèyítọ́ tí wọn yóò ṣe ní Ìjerò.

Iṣẹ́ tó fún wọn kò ṣòro láti ṣàlàyé. Kí oníkálukú mú ohun kan tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, kí ó sọ ibi tó dára sí àti ibi tó kù sí. Àwọn mìíràn kọ nípa fíìmù àti orin. Géèmù ni Jọkẹ́ mú, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìràwọ̀ Keje, tí wọ́n ń gbá ní ṣọ́ọ̀bù Ìbráhìm ní Àrámọ̀kọ̀. Nínú rẹ̀, ẹni tó ń gbá a di mẹkáníìkì ọ̀dọ́ kan ní ìlú tí wọ́n kọ́ sórí ìràwọ̀ jíjìnnà réré. Ó ń bá àwọn ọmọ ogun onírin jà, ṣùgbọ́n ìjà nìkan kọ́. Ní gbogbo oríta, géèmù náà á bi í ní ohun tí yóò ṣe. Ohun tó bá yàn ni yóò pinnu ẹni tí yóò yè àti ẹni tí yóò kú.

Jọkẹ́ kọ ọ́ pé ìjà inú rẹ̀ dára, pé àwọn ará ìlú inú rẹ̀ kò ní ìwà tó dá wọn yàtọ̀ síra. Ó kọ ọ́ pé ikú Síra, arúgbó obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ òfuurufú, lórí afárá ni ibi tó wọni lára jù. Ó sì fi kún un pé ọ̀rọ̀ tí Síra sọ ní ìparí ti gùn jù.

Rùkáyàt nawọ́. Ọ̀rẹ́ Jọkẹ́ ni, Ìbráhìm tó ni ṣọ́ọ̀bù géèmù náà sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà. Bí Síra bá kú lórí afárá, kì í dé ìparí. Ta ló wá sọ̀rọ̀?”

“Òkú ló sọ ọ́,” ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn. Kíláàsì rẹ́rìn-ín.

Rùkáyàt kò rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè lásán ló béèrè, kò mọ̀ pé yóò gún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé yíjú sí Jọkẹ́.

“Mo gbá a lẹ́ẹ̀mejì ni, sà,” Jọkẹ́ wí. “Ó kú nígbà àkọ́kọ́. Mo gbà á là nígbà kejì.”

Olùkọ́ náà mi orí pé òun gbọ́. Ó ní òun mọ̀ pé ẹ̀rọ géèmù ṣọ́ọ̀bù yẹn máa ń tọ́jú ibi tí oníkálukú bá dé sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Òun yóò yà sí ṣọ́ọ̀bù náà ní òwúrọ̀ Sátidé, kí Jọkẹ́ lè fi ọ̀nà méjèèjì han òun.

Wákàtí méjì péré ni Jọkẹ́ fi gbá géèmù náà. Ìkógòsì ló ń gbé, kì í ṣe Àrámọ̀kọ̀ tí ilé ìwé wà, ó sì gbọ́dọ̀ wọ mọ́tò lọ sílé ní kété tí ilé ìwé bá parí. Orí fóònù ìyá rẹ̀ ló ti rí èrò àwọn lámèyítọ́ mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ kí Síra kú lórí afárá, òmíràn gbà á là, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ìparí rẹ̀. Nígbà tí Jọkẹ́ ń kọ àròkọ rẹ̀, kò mọ̀ pé ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà. Ó rò pé ìtàn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń sọ, ó sì rán ọ̀rọ̀ wọn pọ̀ bí ẹni pé ojú òun ló rí i.

Ní ọjọ́ kejì, Rùkáyàt pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ fún un pé Jọkẹ́ kò gbá géèmù náà jìnnà. Ó bẹ̀ ẹ́ nítorí ìbéèrè tó béèrè. Ó ní òun ti gbá géèmù náà dópin lẹ́ẹ̀mejì, òun sì lè fi orúkọ Jọkẹ́ rọ́pò tòun nínú ẹ̀rọ. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Jọkẹ́ ní kí ó jẹ́ kí òun rò ó.

Ìyá Jọkẹ́ ń ṣiṣẹ́ níbi omi gbígbóná àti omi tútù Ìkógòsì. Òun ló ń gbá àyíká ibẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Jọkẹ́ lọ bá a níbẹ̀. Àlejò mẹ́rin dúró, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì padà sínú ọkọ̀ wọn. Kò sí èyí tó bọ́ bàtà.

“Wọ́n á dé ulé wọn,” ìyá rẹ̀ wí, “wọ́n á máa sọ bí ọ̀kan ṣe gbóná, bí èkejì ṣe tutù. Ẹsẹ̀ wọn ò kan omi.”

Ó ń gbálẹ̀ lọ. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan ọmọ òun.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé jókòó síwájú ẹ̀rọ. Rùkáyàt wo Jọkẹ́. Jọkẹ́ mi orí pé rárá. Ó ṣí orúkọ ara rẹ̀. Ohun tó hàn ni ẹnubodè ìlú inú géèmù náà, àti wákàtí méjì. Afárá ṣì jìnnà.

“Ibi tí mo dé nìyí, sà,” ó wí. “Ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni ìyókù. Irọ́ ni mo pa fún yín.”

Olùkọ́ náà tún ka wákàtí méjì náà lójú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, ó ní Rùkáyàt, tó kíyè sí ohun tí àwọn tó kù kò rí, ni yóò lọ sí Ìjerò. Jọkẹ́ ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, síbẹ̀ ó fajú ro.

“Àwọn lámèyítọ́ tí o kà kò jẹ̀bi,” Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé wí. “Kò burú kí o ka èrò wọn. Àwọn rìn dé ibi tí wọ́n sọ. Ìwọ ńkọ́?”

Ó ní kí ó lọ kọ òmíràn. Jọkẹ́ bèèrè bóyá kí òun kọ́kọ́ gbá a dópin. Olùkọ́ náà ní kò pọn dandan.

Rùkáyàt gba ipò kẹta ní Ìjerò. Ojú ìwé kan péré ni Jọkẹ́ kọ, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìròyìn ilé ìwé. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀: “Wákàtí méjì ni mo fi gbá géèmù yìí. N kò tíì dé orí afárá.” Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó rí ní ẹnubodè ìlú náà, bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe rí, àti bí Síra ṣe kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ láìwo ojú rẹ̀. Kò sí lámèyítọ́ kankan nínú àwọn mẹ́ta tó mẹ́nu kan ìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣèdájọ́ ohun kan, kí ó kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹsẹ̀ òun dé.