Ẹ̀rín Inú Fídíò

Orí àkàsọ̀ ni Adéjùwọ́n wà, ó ń so wáyà fáànù kan tó ti dákẹ́ láti ọdún tó kọjá, nígbà tí Tẹjúmádé wọlé kíákíá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó gbé báàgì sórí tábìlì, ó wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ọgọ́ta tó wà níwájú rẹ̀, kò tilẹ̀ kí wọn.

"Ta ló máa jẹ́ kí n tẹ orúkọ òun sórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí, níṣojú gbogbo wa?"

Kò sẹ́ni tó nawọ́.

"Ẹ ò rí i? Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí òun ti fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Ohun tí ẹ kọ, àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ fi bú ènìyàn, ipa ẹsẹ̀ yín ni gbogbo rẹ̀. Òjò kì í wẹ̀ ẹ́ nù."

Ohùn kan wá láti òkè. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹni tó bá ti pa tiẹ̀ rẹ́ ńkọ́?"

Ẹ̀rín sọ. Tẹjúmádé gbójú sókè, ó rí ọkùnrin gíga kan tó há tẹsítà tí wọ́n fi ń dán iná wò sí etí, tí òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

"Ọ̀gá oníná, kí lẹ pa rẹ́?"

Adéjùwọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, kò dáhùn. Tẹjúmádé rò pé ìtìjú ni.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, Adéjùwọ́n bá a lẹ́nu ọ̀nà. "Fáànù yín ti ń yí o, mà. Ṣùgbọ́n ẹ ò dá mi lóhùn."

"Ẹ̀yin lẹ ò dá mi lóhùn!"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láàárín oṣù méje, kò sí òpópónà Festac tí wọn ò jọ rìn, láti ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ dé ẹnu géètì Amúwo níbi tí wọ́n ti ń ra bọ̀ọ̀lì. Ohun tó wu Tẹjúmádé jù lára rẹ̀ ni ẹ̀rín rẹ̀. Ẹ̀rín náà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ikùn, á gun òkè, á wá já lẹ́ẹ̀kan bí ìgbà tí agbè omi bá fọ́.

"Tẹjú mi, o tún ń wo fóònù. Kí ló ń lé ẹ?"

"Bí ara mi ṣe rí nìyẹn. Sọ ìtàn ìgbà tó o wà nílé-ìwé fún mi."

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," Adéjùwọ́n á wí, á sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ọkàn Tẹjúmádé á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri.

Nígbà tí Adéjùwọ́n ní òun fẹ́ kó àwọn òbí òun wá, bàbá Tẹjúmádé, Ọ̀gbẹ́ni Akíntáyọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, gbé tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Tẹjúmádé fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wá orúkọ ènìyàn. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, bàbá pè é.

"Wo ohun tí mo rí."

Fídíò ìṣẹ́jú kan ni. Ọmọbìnrin kan dúró lórí pèpéle ilé-ìwé kan, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè dìbò fún un, ṣùgbọ́n akólòlò ni, ọ̀rọ̀ sì há sí i lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni: "Ẹ bá wa tún rédíò yìí ṣe o." Orúkọ Adéjùwọ́n wà níbẹ̀ gbàgàdà, ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ẹni tó di fóònù mú kò hàn, àmọ́ ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ ní ikùn, ó gun òkè, ó já.

Tẹjúmádé sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù Adéjùwọ́n ní Amúwo, gèlè ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lórí rẹ̀.

"Ìwọ lò ń rẹ́rìn-ín yẹn?"

Adéjùwọ́n wo fídíò náà lórí fóònù Tẹjúmádé. "Èmi ni. Inúmidùn lorúkọ ẹ̀. Mo pa á rẹ́ lẹ́yìn ọdún kan, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti gbé e kiri. Kò padà wá sílé-ìwé mọ́."

"Ṣé o ti bẹ̀ ẹ́?"

Ó mi orí pé rárá.

"Ọdún mẹ́sàn-án, Adéjùwọ́n! O jókòó tì mí lójoojúmọ́, o mọ ohun tí mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ!"

"Ẹ̀rù ló bà mí."

Tẹjúmádé ti lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Tẹjúmádé kò fi rójú jẹun. Á gbé fóònù, á gbé e kalẹ̀. Á jókòó, á dìde. Lọ́jọ́ kan ní kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Láídé bi í pé, "Mà, ṣé ènìyàn ò wá lè yí padà ni?" Tẹjúmádé pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Ní gbogbo àkókò yẹn, Adéjùwọ́n ń wá Inúmidùn kiri lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ kàwé. Mazamaza ló ti rí i, níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí ìlà-oòrùn. Òun ló ń kọ tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn èrò. Adéjùwọ́n dúró sórí ìlà bí àwọn tó kù títí ó fi kàn án, ó sọ orúkọ rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ níwájú gbogbo èrò.

"D-dìde," Inúmidùn wí. "Àwọn ènìyàn ń wò. Mi ò tún fẹ́ kí wọ́n máa w-wò mí."

Ó dìde kíá.

"Mo ti gbàgbé ojú ẹ. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò g-gbàgbé. Mi ò mọ̀ bóyá mo ti dárí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n bó o bá fẹ́ ṣe nǹkan, s-sọ ọ́ fáwọn ọmọ tó ń ṣe irú ẹ̀. Má dárúkọ mi. Má fi fídíò yẹn hàn wọ́n."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Adéjùwọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí Tẹjúmádé, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó parí rẹ̀ báyìí: "Mi ò sọ ọ́ kó o lè padà. Mo kàn fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Tẹjúmádé gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó dá a lóhùn: "Tuesday, aago mẹ́wàá. Wá bá àwọn ọmọ mi sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ Tuesday, Ọ̀gbẹ́ni Akíntáyọ̀ jókòó sí ìlà ẹ̀yìn, ó gbé fìlà lé orúnkún. Tẹjúmádé ti sọ ọ́ fún un nílé, àmọ́ kò sẹ́ni tó pè é. Adéjùwọ́n rí i, síbẹ̀ ó sọ̀rọ̀.

"Ìṣẹ́jú kan ni mo fi rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Mo pa á rẹ́ nítorí orúkọ tèmi, mi ò ro tiẹ̀. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹni tó wà nínú fídíò yẹn ń gbọ́ yín."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Láídé tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀ pẹ́, ó tẹ nǹkan kan, ó sì dà á dé.

Bàbá Tẹjúmádé dúró de Adéjùwọ́n lẹ́nu ọ̀nà. "Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba. A kì í ya ewé kúrò nínú fáìlì, ọmọ mi. Ohun tuntun la máa ń kọ tẹ̀lé e. Mo ti ka ti àtijọ́."

"Ẹ ṣé gan-an, sà."

"Má tíì dúpẹ́. Kó àwọn òbí ẹ wá."

Nígbà tí bàbá lọ tán, àwọn méjèèjì dúró sí abẹ́ igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé-ẹ̀kọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ kó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

"Ṣé wàá fẹ́ mi, Tẹjú?"

"Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ tán."

"Mo mọ̀."

"Bí mo bá tún gbọ́ nǹkan ẹ lẹ́nu ẹlòmíràn kí n tó gbọ́ lẹ́nu ẹ..."

"O ò ní gbọ́ láé."

Tẹjúmádé fa ọwọ́ rẹ̀, ó mú un jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tó wà níbẹ̀, òun náà jókòó tì í.

"Ó dáa. Màá fẹ́ ẹ. Ó yá, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí ẹ."

Adéjùwọ́n bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú, kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ nínú ìtàn náà, Tẹjúmádé kò sì tíì jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀.